Igi Òjìji Nílẹ̀ Ọ̀gbẹlẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó bá fi etí inú gbọ́ òwe yìí yóò mọ̀ pé kò mọ sí ọ̀rọ̀ ìkómọ nìkan, nítorí ohunkóhun tí a bá fẹ́ kó fìdí múlẹ̀, ìbáà ṣe òwò, ìbáà ṣe igi ẹnu ọ̀nà, a ní láti kọ́kọ́ mọ ìwà ilẹ̀ tí yóò gbà á lálejò.

Ní Ìrólú àti jákèjádò Rẹ́mọ, ìrókò Olúwéré ń dàgbà láìsí ẹni tí ń bomi rin ín, ọ̀dán ń ya ẹ̀ka bo ọjà àti ojúde ọba, gbànja sì ń so wọ̀ǹtìwọnti. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Kánò ní 1911 ni obì ilẹ̀ Yorùbá ti ń gòkè Ọya, tí àwọn ọmọ wa náà sì ń tẹ̀lé obì lọ. Ọlọ́lá àti mẹ̀kúnnù ń jẹ gbànja ní Maiduguri, síbẹ̀ igi rẹ̀ kò lè bá èso rẹ̀ débẹ̀, nítorí ilẹ̀ náà kò ní ọ̀rinrin tí yóò fi bọ́ ọ. Nítorí náà, ọmọ Ìrólú tí ń ṣe àtìpó níbẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ sì ń fà sí òjìji ilé, àṣà gbígbin igi òjìji ni kí ó kó dání, kí ó fi ọ̀dán sílẹ̀ fún ojúde ọba.

Òjò Maiduguri kò ju nǹkan bí oṣù mẹ́rin lọ lọ́dún, oòrùn oṣù kẹrin sì ń gbóná kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Igi tí ilẹ̀ náà tẹ́wọ́ gbà ni dongoyaro, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, tí a mú irúgbìn rẹ̀ wá sí Borno láti Gold Coast, Gánà òde òní, ní 1928. Gbòǹgbò rẹ̀ ń wọlẹ̀ jìn lọ bá omi, ewé rẹ̀ a sì tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí koríko ti gbẹ. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn náà ni ó ń tanná funfun wẹ́wẹ́ ní ṣíṣù-ṣíṣù, tí òórùn rẹ̀ ń ta sánsán bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí oyin sì ń rọ́ wá síbẹ̀.

Bí òjò bá fẹ́ rọ̀, èso rẹ̀ a pọ́n. Kí a bó ẹran ara rẹ̀ kúrò, kí a fọ kóró rẹ̀, kí a sì tètè gbìn ín, nítorí kì í pẹ́ kú. Kí a má ṣe gbìn ín mọ́ ògiri, kí a ṣọgbà yí i ká nítorí ẹran ọ̀sìn, kí a gbẹ́ kòtò kékeré sí ìdí rẹ̀ tí yóò dá omi dúró, kí a sì máa bomi rin ín nírọ̀lẹ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn méjì àkọ́kọ́. Àtikékeré sì ni a ti í pẹ̀ka ìrókò: kí a tètè gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀, kí ènìyàn lè rí àyè jókòó lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Nígbà tí ó bá so, kóró tí kò ṣeé fi pamọ́ kò yẹ fún ahun. Kí a pín in fún aládùúgbò lọ́sẹ̀ náà gan-an, torí igi kan kì í dágbó ṣe, ooru ìlú kì í sì í ṣe ti agbo ilé kan ṣoṣo.