Ẹ̀ẹ̀rùn, Òkè àti Ohun Tí Ilẹ̀ Kàbà Lè Gbà

Bí ọ̀rọ̀ ohun ọ̀gbìn tó yẹ ilẹ̀ Kàbà ní ìpínlẹ̀ Kogi bá délẹ̀, iye òjò ọdún ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ kà. Òjò Kàbà máa ń lé ní 1,100 mìlímítà lọ́dún, kò sì fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ti Ìbàdàn tí kòkó pọ̀ láyìíká rẹ̀. Ká ní iye òjò nìkan tó, gbogbo ilẹ̀ Owé, Bùnú, Ìjùmú àti Yàgbà, tó wà nílẹ̀ Òkun, ì bá ti di oko kòkó. Èrò tèmi ni pé bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe gùn tó àti ibi tí oko wà láàárín òkè àti àfonífojì ló ń pinnu jù. Kòkó kì í fẹ́ kí oṣù tí òjò rẹ̀ kò tó 100 mìlímítà ju mẹ́ta lọ. Ní Kàbà, irú oṣù bẹ́ẹ̀ máa ń wà láti Nòfẹ́ńbà dé Máàṣì. Ọyẹ́ á fẹ́ lu ọ̀dọ́ kòkó, etí ewé rẹ̀ á pọ́n bí èyí tí iná jó, á sì ká kò.

Síbẹ̀, ìlú Iyamoye ní Ìjùmú ti ń gbin kòkó àti kọfí láti ọjọ́ pípẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti kan ìrísí ilẹ̀. Àpáta ńláńlá pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Òkun. Òjò tó bá rọ̀ lé àpáta kò ríbi wọlé. Ẹsẹ̀ òkè ló ń ṣàn lọ, ó sì ń kó erùpẹ̀ kíkúnná dání. Nítorí náà, oko méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra lè yàtọ̀ pátápátá: lókè, ilẹ̀ fẹ́lẹ́ tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́, tí ọkọ́ á ti kan yangí kó tó wọlé dáadáa, nísàlẹ̀, ilẹ̀ dúdú tó ṣì tutù ní Jánúárì, tó gba ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ àkùrọ̀. Kàbà tún ga ju Lókọ́ja etí odò lọ ní nǹkan bí 300 mítà, ooru rẹ̀ sì dín díẹ̀, àmọ́ kò ga tó fún kọfí Arabica tó ń gbádùn òtútù òkè Mambilla. Robusta ló bá a mu.

Ẹ̀ẹ̀rùn kan náà tó ń pa kòkó ló ń gbe kajú. Ìgbà tí òjò dáwọ́ dúró ni kajú ń tanná. Bí òjò bá rọ̀ sórí òdòdó rẹ̀, àrùn á mú un, á dúdú, á sì rẹ̀ dànù. Òwú tí àwọn obìnrin Bùnú fi ń hunṣọ láyé àtijọ́ náà nílò ẹ̀ẹ̀rùn kí èso rẹ̀ tó là. N kò gbà, nígbà náà, pé àbùkù ni ẹ̀ẹ̀rùn gígùn jẹ́ fún ilẹ̀ Òkun.

Àwọn kan á ní owó ló ń yan ohun ọ̀gbìn fún àgbẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀: ní 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Ṣùgbọ́n igi tó gbẹ kó tó so kò ní ohun tí a ó gbé lọ sọ́jà. Bíbomirin ńkọ́? Ìgbà tí kòkó ń wá omi jù ni ọ̀pọ̀ odò kéékèèké ń gbẹ, olóko orí òkè ni yóò sì náwó jù láti fa omi. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Kogi àti àwọn tó ń pín irúgbìn tó fún ẹnikẹ́ni ní kòkó, kí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀ oko rẹ̀ wò ní Fẹ́búárì. Bó bá gbẹ títí dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n fún un ní kajú.