Hóró Oògùn Kan Náà

Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni Marcel Janbon ń tọ́jú ní Montpellier, nílẹ̀ Faransé, lọ́dún 1942, tí oògùn àtọ̀gbẹ fi yọ sí i láìròtẹ́lẹ̀. Ogun ń jà lọ́wọ́. Ó ń dán oògùn tuntun kan tí wọ́n ń pè ní 2254 RP wò lára àwọn aláìsàn rẹ̀, ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan bá já wálẹ̀ débi pé gìrì mú wọn. Àwọn mìíràn kú. Auguste Loubatières, nílùú kan náà, gbé oògùn ọ̀hún fún ajá. Ajá tí ara rẹ̀ pé, ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀. Èyí tí wọ́n ti yọ ẹ̀yà ara tó ń pèsè insulin kúrò nínú rẹ̀, oògùn ò ràn án rárá. Ó wá hàn pé insulin ti ara fúnra rẹ̀ ni oògùn náà ń tì jáde.

Àwọn aláìsàn yẹn ló máa ń gbà mí lọ́kàn ju ajá lọ. Oògùn kan náà, ibà kan náà, síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo wọn ló dà wó. Ebi ìgbà ogun lè dá sí i, mo gbà. Ṣé ebi nìkan ni?

Mo ta oògùn ìran yẹn pẹ́ ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Diabinese làwọn àgbà mọ̀ kí Daonil tó dé. Ìyá kan á ní, "Dókítà, oògùn yín yìí ò ràn mí o." Èkejì rẹ̀, tó ń lo iye kan náà, á ti máa làágùn, á máa gbọ̀n kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ̀bà la máa ń di ẹ̀bi rù.

Lọ́dún 1978, Leslie àti Pyke ní London sọ pé ojú tó máa ń gbóná tó sì ń pọ́n bí ẹni tó lo Diabinese bá mutí, àjogúnbá ni. (Lára àwa tó dúdú, ooru nìkan lèèyàn ń rí.) Àwọn mìíràn ta kò wọ́n, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà, bóyá ohun tí a jogún ló ń yí iṣẹ́ oògùn padà lára wa, ti bọ́ sí gbangba.

Tayside, ní Scotland, ni ìdáhùn tó ṣe gúnmọ́ ti wá, lọ́dún 2010. Gbogbo oògùn tí aláìsàn bá gbà níbẹ̀ ló ní àkọsílẹ̀. Mo jowú wọn. Ìwé ẹ̀kọ́ ọmọ ilé ìwé lèmi fi ń kọ tèmi. Nínú 1,073 èèyàn tó ń lo oògùn ìran yẹn, wọ́n wo CYP2C9, ẹnsáìmù tó ń fọ́ oògùn náà nínú ẹ̀dọ̀. Ẹni tó jogún èyí tí kò lágbára lọ́wọ́ bàbá àti lọ́wọ́ ìyá, oògùn ń pẹ́ lára rẹ̀: ó fi ìlọ́po 3.4 súnmọ́ àtimú ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ dé ibi tó yẹ ju ẹlòmíràn lọ.

Metformin, oògùn àtọ̀gbẹ mìíràn, ò gba ọ̀nà yẹn. Ẹ̀dọ̀ kì í fọ́ ọ. Ó nílò ilẹ̀kùn tí yóò gbà wọ inú ẹ̀dọ̀, OCT1, tí Yan Shu àti Kathleen Giacomini fi hàn lọ́dún 2007 pé kì í ṣí dáadáa lára àwọn kan.

Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá náà ti wọ ìwádìí àgbáyé. Àádọ́rùn-ún èèyàn n'Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ ní ọgbọ̀n ìdílé, wà nínú àwòrán jíìnì HapMap tó jáde lọ́dún 2005. Irú CYP2C9 tí wọ́n wò ní Tayside, *2 àti *3, ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Irú bíi *5, *6, *8 àti *11 ni tiwa, àyẹ̀wò tó bá sì ń wá méjì àkọ́kọ́ nìkan ò ní rí wọn.