Arọ́pò-orúkọ, ìlà adagẹ̀rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àtọwọ́dá: ìtàn ìfẹ́ èèwọ̀ láàrin ọkùnrin méjì nínú ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, 1953 sí 1979

1. Ìfáàrà

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Láàrin 1953 àti 1979, àwọn òǹkọ̀wé kan tó ń lo èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ ìtàn ìfẹ́ láàrin àgbàlagbà ọkùnrin méjì, ní àkókò tí òfin ka irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀ràn ní ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ wọn. Wọ́n gbé ìtàn náà kúrò nílé-ayé, wọ́n gbé e lọ sínú ọkọ̀ tó ń rìn láàrin àwọn ìràwọ̀. Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ àti onímọ̀ àwùjọ ti kọ ohun púpọ̀ nípa wọn. Ti èdè ni àwa fẹ́ wò níhìn-ín. Àlàyé wa ni pé kì í ṣe ojú òfurufú nìkan ni wọ́n sá pamọ́ sí. Wọ́n sá pamọ́ sínú gírámà, sínú àmì ìkọ̀wé, àti sínú ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. A ó wo ibi ìsápamọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, lẹ́yìn náà a ó béèrè ohun tí wọ́n ń bi àwa tí a ń túmọ̀ láàrin Yorùbá, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì.

2. Arọ́pò-orúkọ tí kò yà akọ sọ́tọ̀ lára abo

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1953, Ààrẹ Eisenhower ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àṣẹ 10450. Lábẹ́ àṣẹ yìí, ìjọba lè lé òṣìṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ìbálòpọ̀ tí ìjọba kà sí ìwà ìbàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàdánù iṣẹ́ wọn nípasẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, ìwé ìròyìn «Universe Science Fiction» tẹ ìtàn kúkurú kan jáde tí Theodore Sturgeon kọ, «The World Well Lost».

Nínú ìtàn náà, àlejò méjì wá sí ilé-ayé láti ayé mìíràn tí wọ́n ń pè ní Dirbanu. Ìfẹ́ àárín wọn wu aráyé débi pé wọ́n sọ wọ́n ní «loverbirds», ẹyẹ olólùfẹ́. Kò pẹ́ tí ìjọba Dirbanu fi ránṣẹ́ pé arúfin ni àwọn méjèèjì, kí aráyé dá wọn padà. Atukọ̀ méjì, Rootes àti Grunty, ni a fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Lójú ọ̀nà, Grunty rí i pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà mọ èrò ọkàn ẹni. Ìbẹ̀rù mú un débi tí ó fi fẹ́ pa wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n fi àwòrán hàn án: ní Dirbanu, akọ àti abo kò jọra rárá, ọkùnrin sì ni àwọn méjèèjì. Grunty tú wọn sílẹ̀. Ìparí ìtàn ló fi yé wa ìdí tí ẹ̀rù fi bà á: òun náà ti ń fẹ́ràn Rootes láìsọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Gírámà ran òǹkọ̀wé lọ́wọ́. Níwọ̀n ìgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn méjèèjì pọ̀, «they» kò sọ akọ, kò sọ abo. Ní èdè Faransé, «ils» gba ọkùnrin méjì, ó sì gba ọkùnrin kan pẹ̀lú obìnrin kan. Nítorí náà, àṣírí náà ṣì lè pamọ́. Ká ní obìnrin méjì ni, «elles» ì bá ti tú u láti ojú ìwé kìíní. Ní Yorùbá, kò sí «wọ́n» tàbí «ó» tó lè tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Ẹ kíyè sí orúkọ atukọ̀ náà pẹ̀lú: Grunty jáde láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí ènìyàn máa kùn láìlanu. Ọkàn rẹ̀ kún fún ọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ kò sọ ọ́.

3. Àmì tó di orúkọ

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1966, tẹlifíṣọ̀n NBC bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àfihàn eré «Star Trek», tí Gene Roddenberry dá sílẹ̀. Apá 79 ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó dá a dúró ní 1969. Ọ̀gá ọkọ̀ ni Kirk. Igbákejì rẹ̀ ni Spock, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ aráyé tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ará Vulcan, ìran tí kì í fi ìmọ̀lára hàn. Sturgeon kan náà ló kọ apá tí wọ́n ń pè ní «Amok Time», tí wọ́n fihàn ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 1967. Nínú rẹ̀ ni a ti gbọ́ pé Spock gbọ́dọ̀ padà sílé lọ gbé ìyàwó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò kú. Àṣà ilẹ̀ wọn mú kí òun àti Kirk jà, ó sì gbà pé òun ti pa ọ̀rẹ́ òun. Nígbà tó rí Kirk láàyè, ayọ̀ bú jáde lójú ẹni tí kì í yọ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn eré náà, tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òǹkọ̀wé wọn jẹ́ obìnrin, ti ń tẹ ìwé ìròyìn tiwọn láti 1967, ọdún tí «Spockanalia» jáde. Ìwé tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ni, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1974, ẹ̀dà kẹta «Grup» tẹ ìtàn kúkurú Diane Marchant jáde, «A Fragment Out of Time». Ọmọ Ọsirélíà ni Marchant. Òun ni a mọ̀ sí ẹni àkọ́kọ́ tó tẹ ìtàn ìfẹ́ Kirk àti Spock jáde, bẹ́ẹ̀ ni kò dárúkọ ẹnì kankan nínú wọn. Ìgbà náà, kò tíì sí ìpínlẹ̀ kankan ní Ọsirélíà tó yọ ìbálòpọ̀ láàrin ọkùnrin kúrò pátápátá nínú ìwé ọ̀ràn. South Australia ló kọ́kọ́ ṣe é, ní 1975. Ní 1976, Gerry Downes tẹ «Alternative» jáde, tó dá lórí ìfẹ́ àwọn méjèèjì yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ibi tí onímọ̀ èdè gbọ́dọ̀ dúró sí nìyí. Àwọn òǹkàwé nílò ọ̀nà tí wọn yóò fi mọ irú ìtàn tó wà nínú ìwé kí wọ́n tó rà á. Wọ́n wá ń kọ «K&S» fún ìtàn ọ̀rẹ́, «K/S» fún ìtàn olólùfẹ́. Àmì méjèèjì kò sọ ju «àti» lọ tẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn ló gbé ìtumọ̀, bí ìró ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ ṣe ń ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ lẹ́nu wa. Nígbà tó yá, orúkọ ìlà adagẹ̀rẹ̀ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, «slash», di orúkọ gbogbo ẹ̀yà lítíréṣọ̀ yìí, kódà nígbà tí kò bá sí Kirk tàbí Spock nínú rẹ̀.

Àdàpè kì í ṣe àjèjì sí wa. A kì í dárúkọ ejò lóru. Okùn là ń pè é. Ṣùgbọ́n okùn ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ lójú mọmọ, ejò sì máa ń gba orúkọ rẹ̀ padà bí ilẹ̀ bá mọ́. Ní ti «slash», àdàpè ni gbogbo ayé mọ̀ níkẹyìn.

4. Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ mẹ́ta

Ní oṣù kejìlá ọdún 1979, fíìmù àkọ́kọ́ ti «Star Trek» jáde, Roddenberry sì kọ ìwé rẹ̀. Nínú ìwé náà, ó dá ọ̀rọ̀ Vulcan kan sílẹ̀, «t'hy'la», láti fi sọ ohun tí Kirk jẹ́ sí Spock. Àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé sọ pé ọ̀rọ̀ yìí lè túmọ̀ sí ọ̀rẹ́, arákùnrin tàbí olólùfẹ́. Kirk fúnra rẹ̀ wá fèsì níbẹ̀ pé obìnrin ni òun fẹ́ràn, ṣùgbọ́n kò bu ẹnu àtẹ́ lu irú ìfẹ́ tí àwọn ènìyàn ń fura sí. Ẹni tó kọ ìwé fi ẹnu ẹnìkan sọ pé rárá, ó sì fi ìwé atúmọ̀ èdè ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni àwọn òǹkọ̀wé K/S gbé lọ, kì í ṣe ìdáhùn Kirk.

5. Ohun tó kan atúmọ̀ èdè

Ẹ jẹ́ ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ túmọ̀ àwọn ìtàn wọ̀nyí sí Yorùbá. Ìṣòro rẹ̀ kì í ṣe pé èdè wa kò lè pa àṣírí mọ́. Ó ń pa á mọ́ láìsan owó kankan. Ohun tí Marchant ní láti fi ọgbọ́n wá nípa yíyẹra fún orúkọ, «ó» àti «rẹ̀» ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, tó fi jẹ́ pé òǹkàwé kò ní í mọ̀ pé ẹnìkan ń farapamọ́. Ẹ̀rù tó wà lẹ́yìn ìtàn náà á sọnù. Atúmọ̀ èdè ní láti jẹ́ kí òǹkàwé tètè mọ̀ pé ọkùnrin ni àwọn méjèèjì, kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó kù lè ní ìwúwo.

Ní ti «t'hy'la», bí a bá pè é ní ọ̀rẹ́ nìkan, a ti dá ẹjọ́; bí a bá pè é ní olólùfẹ́ nìkan, a ti dá òmíràn. «Kòríkòsùn» ni a dábàá: ẹni tí a kò rí tí a kò lè sùn. À ń lò ó fún ọ̀rẹ́ tó wọni lára, kò sì sí ohun tó ní kí olólùfẹ́ má jẹ́ ẹ.

6. Àgbálọgbábọ̀

Illinois ló kọ́kọ́ yọ ọ̀ràn yìí kúrò nínú òfin ní Amẹ́ríkà, ní 1961. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ yọ ọ́ kúrò ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà ní 2003. Ní 2017, «Star Trek: Discovery» fi ọkùnrin méjì, Stamets àti Culber, hàn bí tọkọtaya láìlo àmì kankan. Àwọn tó kọ K/S kò ní àǹfààní yẹn. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ní, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó lè sọ ọ́ di odindi. Ẹni tó bá ń túmọ̀ wọn lónìí gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kó má baà sọ gbogbo rẹ̀ tán fún wọn, kó má sì pa ìdajì tí wọ́n sọ rẹ́.