Egungun Fada Tansi àti òkú tó jí ní Iléṣà

Arákùnrin kan ní Mushin bi mí pé: "Pásítọ̀, tí Ọlọ́run bá ń wo aláìsàn sàn ní Ìjọ Àgùdà, ṣé kì í ṣe ẹ̀rí pé àwọn ló tọ̀nà nìyẹn?" Ìbéèrè gidi ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ti Nàìjíríà níbí. Fada Cyprian Michael Iwene Tansi, ọmọ Aguleri, kú ní Leicester, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1964. Ní 1986 wọ́n gbé egungun rẹ̀ wá sí Onitsha. Ọmọbìnrin ọlọ́dún 17 kan tí kókó wà nínú ikùn rẹ̀ fọwọ́ kan pósí náà, wọ́n sì jẹ́rìí pé ara rẹ̀ dá. Ìjọ Àgùdà ò kàn pariwo o, wọ́n pe dókítà, wọ́n wádìí ẹ̀ (ì bá wù mí káwa náà máa ṣe bẹ́ẹ̀ ká tó lẹ pósítà káàkiri Yaba). Ní March 22, 1998, Póòpù John Paul Kejì wá sí Oba, nítòsí Onitsha, ó kéde Tansi ní Ẹni Ìbùkún.

Mi ò ní pe ìyẹn nírọ́. Àmọ́ ní 1930, ní Òkè-Oòye, Iléṣà, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ti ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń tẹ títì rí, gbàdúrà. Wọ́n ní òkú ọmọ jí, aláìsàn rọ́ wá, àwọn èèyàn kó òrìṣà wọn jáde, wọ́n dáná sun ún. Babalọlá kì í ṣe Àgùdà. Tó bá jẹ́ pé ìjọ ni iṣẹ́ ìyanu ń jẹ́rìí sí, Onitsha àti Iléṣà ń ta ko ara wọn nìyẹn.

Ẹ tún wo èyí. Àwọn míṣọ́nnárì Apostolic Church dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1931, wọ́n bá àwọn ará wa ṣiṣẹ́ pọ̀. Kò tó ọdún mẹ́wàá tí ìjà fi dé nítorí kùnínì! Àwọn òyìnbó ń lò ó fún ibà. Àwọn tiwa ní àdúrà nìkan ti tó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pínyà, tí Christ Apostolic Church fi dá dúró. Òkú tó jí ní Iléṣà ò lè bá wọn parí ìjà yẹn.

Àgùdà lè ní, "Egungun ló wò ó sàn, Pásítọ̀, ẹ wo ti Èlíṣà." Òótọ́ ni, 2 Àwọn Ọba 13: òkú kan egungun Èlíṣà, ó jí. Ṣùgbọ́n ní ìjọba Ísírẹ́lì, níbi tí ère màlúù Jèróbóámù ṣì wà, lèyí ti ṣẹlẹ̀. Ṣé iṣẹ́ ìyanu yẹn wá sọ ère náà di mímọ́ ni?

Kí arákùnrin wa gbé Bíbélì rẹ̀ wá lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ọ̀rọ̀ bóyá ó yẹ ká máa bẹ àwọn ẹni mímọ́ tó ti kú, ibẹ̀ la ó ti jọ ṣí i wò.