Ìtàn Bí Oníṣègùn Ṣe Ń Wo Kíndìnrín Láti Òde

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó wà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àrùn tí ń mú kíndìnrín wú rí. Ẹ̀yìn, lábẹ́ egungun ìhà, ni kíndìnrín méjèèjì fara pamọ́ sí, tí wọ́n ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tọ̀sán-tòru. Àrùn lè ti máa jẹ wọ́n run kí ẹni tí ó ni wọ́n tó mọ̀ ọ́n lára. Nítorí náà ni àwọn oníṣègùn ṣe wá ojú tí yóò rí ohun tí awọ ara bò mọ́lẹ̀.

Ní ọdún 1827, Richard Bright, oníṣègùn ní ilé ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti ṣàkíyèsí pé bí a bá fi iná gbóná ìtọ̀ àwọn aláìsàn kan tí ara wọn wú, ìtọ̀ náà a máa dì bí funfun ẹyin. Nígbà tí irú wọn bá kú, tí a sì la òkú wọn, a máa ń bá kíndìnrín wọn ní bíbàjẹ́. Bright so àmì mọ́ àrùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ikú ni ojú tó rí i.

Ní ọdún 1951, Poul Iversen àti Claus Brun, ará Dẹ́ńmáàkì, ròyìn bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ bu díẹ̀ lára kíndìnrín alààyè fún àyẹ̀wò. Èyí fi ìdí àrùn múlẹ̀ dájú. Síbẹ̀, abẹ́rẹ́ lè mú ẹ̀jẹ̀ dà, a kò sì lè máa gún ènìyàn ní gbogbo ìgbà.

Ilé iṣẹ́ irin ni ọ̀nà tí ó rọrùn jù ti wá. Ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi ń wá ibi tí irin ti sán. Ní ọdún 1955, Ian Donald, dókítà àwọn obìnrin ní Glasgow, kó àwọn kókó tí a gé lára aláìsàn lọ sí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti dán ẹ̀rọ náà wò. Ní ọdún 1958, òun, John MacVicar àti Tom Brown ròyìn iṣẹ́ wọn nínú ìwé ìròyìn The Lancet. Gẹ́gẹ́ bí àdán ṣe ń fi gbohùngbohùn mọ ọ̀nà lóru, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń rán ìró wọ inú ara, tí ó sì ń fi èyí tí ó padà ya àwòrán. Òun ni a ń pè ní sikáànì.

Nígbà tí ó yá, a lo sikáànì fún kíndìnrín pẹ̀lú. Kíndìnrín àgbàlagbà a máa gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12. Bí ó bá wú, bí ó bá súnkì, tàbí bí ara rẹ̀ bá mọ́lẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ nínú àwòrán, oníṣègùn a fura. Ìmọ̀ tí Christian Doppler gbé kalẹ̀ ní ọdún 1842, lórí bí ìgbì ṣe ń yí padà bí ohun tí ń rán an jáde bá ń sún mọ́ni tàbí tí ó ń jìnnà síni, ni a fi ń wo ìṣàn ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀. Nínú àrùn bíi lupus, níbi tí ọmọ ogun ara ti ń bá ara jà, ẹ̀jẹ̀ lè máà rí ọ̀nà kọjá geere mọ́ kí ìrísí kíndìnrín tó yí padà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ogbó àti ẹ̀jẹ̀ ríru náà lè fa irú èyí.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ nìyí: kíndìnrín tí àrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ lè dára lójú ẹ̀rọ, kí púrótéènì sì ti máa bá ìtọ̀ jáde. Bí a bá tìtorí àwòrán rere dá aláìsàn padà sílé láìyẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó lè pẹ́ jù kí ó tó padà wá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀rọ tuntun kò sọ ọgbọ́n ìtọ̀ ti Bright di ohun àtijọ́. Ńṣe ni ọ̀kan ń parí ohun tí èkejì kò lè dá ṣe.