Ìdíje Ọ̀ta Àgbáyé Ṣẹ́ẹ̀sì ti Ọdún 1972

Ọdún 1886 ni ìdíje oyè ọ̀ta àgbáyé nínú ayò ṣẹ́ẹ̀sì bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Wilhelm Steinitz borí Johannes Zukertort ní Amẹ́ríkà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ẹni tí oyè wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń yan ẹni tí yóò bá díje. Ní ọdún 1946, Alexander Alekhine kú sórí oyè ní ilẹ̀ Potogí. Àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, FIDE, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris ní ọdún 1924, wá gba àkóso oyè náà. Ní ọdún 1948, ó pe òǹtayò márùn-ún jọ sí The Hague àti Moscow, Mikhail Botvinnik ará Sófíẹ̀tì ni ó sì gbégbá orókè.

Láti ìgbà náà títí di ọdún 1972, oyè náà kò kúrò lọ́wọ́ àwọn ará Sófíẹ̀tì. Smyslov, Tal, Petrosian àti Boris Spassky ni wọ́n jẹ ẹ́ lẹ́yìn Botvinnik. Ìjọba Moscow ka ṣẹ́ẹ̀sì sí ẹ̀rí pé ètò ìṣèlú tiwọn ta ti àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn yọ. Nítorí náà, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ayò náà láti kékeré, wọ́n ń fi owó ìlú tọ́jú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ta, wọ́n sì ń yan olùkọ́ tì wọ́n.

Robert James Fischer, tí ayé mọ̀ sí Bobby, kò ní irú àtìlẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Wọ́n bí i ní Chicago ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹta, ọdún 1943. Brooklyn ni ó gbé dàgbà. Inú ìwé ni ó ti rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìmọ̀ rẹ̀. Ó di ọ̀ta Amẹ́ríkà nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Lẹ́yìn ìdíje Curaçao ní ọdún 1962, ó fẹ̀sùn kan àwọn ará Sófíẹ̀tì pé wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ta ọ̀mì láàárín ara wọn. FIDE pa ètò dà: dípò kí gbogbo àwọn tí ó ń lé oyè máa bá ara wọn ta yíká, wọ́n ní kí wọ́n máa díje ní méjì méjì, kí ẹni tí ó bá fìdí rẹmi sì kúrò.

Ètò tuntun yìí ni Fischer lò ní ọdún 1971. Ó na Mark Taimanov ní 6 sí 0 ní Vancouver, ó na Bent Larsen ará Denmark ní 6 sí 0 ní Denver, ó sì borí Petrosian ní 6.5 sí 2.5 ní Buenos Aires. Báyìí ni ó ṣe kan Spassky.

Reykjavik, olú-ìlú Iceland, ni wọ́n ti pàdé ní ọdún 1972. Ayò mẹ́rìnlélógún ni wọ́n là sílẹ̀. Fischer kò yọjú síbi ayẹyẹ ìṣíde ní ọjọ́ 1, oṣù Keje, nítorí ó ní owó ìdíje náà kéré. Jim Slater, oníṣòwò ará Lọ́ńdọ̀nù, fi owó kún un títí ó fi di ìlọ́po méjì, Henry Kissinger, olùdámọ̀ràn ààrẹ Amẹ́ríkà, náà sì bá Fischer sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù.

Ayò kìíní wáyé ní ọjọ́ 11, oṣù Keje. Ọmọ ayò tí ó kù lórí pátákó kò pọ̀ mọ́, ọ̀mì sì ń bọ̀, ni Fischer bá fi bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jẹ ọmọ-ogun kan létí pátákó. Spassky ti ọmọ-ogun mìíràn síwájú ìṣísẹ̀ kan péré. Ọ̀nà àbọ̀ dí mọ́ bíṣọ́ọ̀bù náà, Fischer sì pàdánù ayò. Kò wá ta ayò kejì rárá, nítorí ó ní àwọn kámẹ́rà ń dí òun lọ́wọ́. Spassky ti ní 2 sí 0.

Spassky gbà kí wọ́n ta ayò kẹta nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Fischer jẹ ẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó borí Spassky. Nínú ayò kẹfà, ó yà kúrò nínú ọ̀nà tí ó sábà máa ń gbà bẹ̀rẹ̀, ó sì ta á débi pé Spassky fúnra rẹ̀ bá àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́. Wọ́n dá ayò kọkànlélógún dúró ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ. Ní ọjọ́ kejì, Spassky fi tẹlifóònù sọ pé òun gbà. Báyìí ni Fischer ṣe gba oyè náà ní 12.5 sí 8.5.

Ìdíje yìí sọ ṣẹ́ẹ̀sì di ohun tí ìwé ìròyìn gbogbo ayé ń gbé sójú ewé kìíní, ó sì gbé owó ìdíje ga fún àwọn tí ó dé lẹ́yìn. Spassky kó lọ sí ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1976. Àwọn ará Sófíẹ̀tì gbájú mọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Anatoly Karpov. Nígbà tí FIDE kò gba gbogbo ohun tí Fischer béèrè fún, ó kọ̀ láti bá Karpov ta, oyè náà sì bọ́ sọ́wọ́ Karpov ní oṣù Kẹrin, ọdún 1975 láìtayò.

Fischer kò ta ayò ìdíje kankan mọ́ títí di ọdún 1992, nígbà tí ó tún bá Spassky ta ní Yugoslavia tí ó sì borí rẹ̀. Ó kú ní Reykjavik ní ọjọ́ 17, oṣù Kìíní, ọdún 2008. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni àwọn ará Sófíẹ̀tì fi di oyè náà mú kí ó tó gbà á. Ọdún mẹ́ta péré ni ó lò lọ́wọ́ rẹ̀.