Ogún Bàbá àti Àlá Ìdílé Younger ní Chicago

Ìṣẹ́ tí ọ̀lẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí àwọn alágbára fi ìwé àti òfin dè mọ́ni lọ́rùn. Irú èkejì yìí ni ó bá àwọn ènìyàn dúdú ní Chicago, nígbà tí wọ́n fi oko òwú ìhà gúúsù Amẹ́ríkà sílẹ̀, tí wọ́n wá iṣẹ́ wá sí ìlú ńlá náà, tí àwọn onílé funfun sì ti fọwọ́ síwèé láàárín ara wọn pé àwọn kò ní ta ilé fún aláwọ̀ dúdú kankan. South Side ni wọ́n há wọn mọ́, níbi tí onílé ti ń gé ilé kan sí yàrá wẹ́wẹ́, tí ìdílé mélòó kan sì ń lo ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo.

Carl Hansberry, ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn dúdú ìlú náà, kò gbà. Ní 1937 ó ra ilé sí àdúgbò tí ìwé àdéhùn yí ká. Èrò dó ti ilé náà, wọ́n sì sọ òkò tí díẹ̀ ló kù kí ó ba Lorraine, ọmọ rẹ̀. Ẹjọ́ tí ó wáyé lórí ilé náà dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà, Carl sì jàre ní 1940, ṣùgbọ́n ó di 1948 kí ilé-ẹjọ́ náà tó pàṣẹ pé adájọ́ kankan kò gbọdọ̀ ti irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn mọ́.

Lorraine yìí ni ó kọ A Raisin in the Sun, eré tí ó gun orí ìtàgé Broadway ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, 1959. Òun sì ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí a ṣe eré rẹ̀ níbẹ̀. Nínú eré náà, Lena Younger, opó, gba 10,000 dọ́là owó adójútòfò lórí ikú ọkọ rẹ̀, ọkùnrin tí iṣẹ́ àṣekúdórógbó pa. Ó fi 3,500 san àsansílẹ̀ owó ilé ní àdúgbò àwọn funfun. Ó kó 6,500 lé Walter ọmọ rẹ̀, dírẹ́fà, lọ́wọ́, pé kí ó fi 3,000 pamọ́ fún ẹ̀kọ́ ìṣègùn Beneatha, àbúrò rẹ̀. Walter, ẹni tí àlá ìsọ̀ ọtí ti gbà lọ́kàn, kó gbogbo rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ kan, ọ̀rẹ́ sì gbé e sá lọ.

Èmi kò bá a wí nítorí àlá rẹ̀, nítorí ta ni yóò máa wa ọkọ̀ olówó kiri títí ayé tí ọkàn rẹ̀ kò ní fẹ́ ohun tirẹ̀? Owó àbúrò rẹ̀ tí ó ná ní ìkọ̀kọ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Asagai, ọmọ Yorùbá tí ń fẹ́ Beneatha, ni ó bi ọmọbìnrin náà léèrè bóyá nǹkan kò wọ́ nínú ilé tí gbogbo àlá ibẹ̀ rọ̀ mọ́ ikú ẹnì kan, ìbéèrè tí ó wọ̀ mí lára gidigidi.

Lẹ́yìn èyí ni Walter ránṣẹ́ pe aṣojú àwọn funfun àdúgbò tuntun náà, ẹni tí ó ti fi owó lọ ìdílé náà kí wọ́n má kó wá. Ó ti ṣe tán láti gbà á. Lena ní kí Travis, ọmọ Walter, dúró kí ó fi ojú rí ohun tí bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ikú yá ju ẹ̀sín: lójú ọmọ náà, Walter kọ owó, ó ní òógùn bàbá àwọn ni ó ra ilé náà. Owó tí ó sọnù kò padà, ewu sì ń bẹ níwájú, ṣùgbọ́n wọ́n kó ẹrù wọn.

Ìgbà 530 ni a ṣe eré náà ní Broadway. Ẹ̀yin olórí òṣèré ilẹ̀ wa, ẹ ṣe é ní èdè Yorùbá fún àwọn ayálégbé ìlú wa, nítorí Asagai ti fi wá sínú rẹ̀.